Ooru Tí Í Tú Àṣírí Òkúta

Ẹ̀yin òbí, ìmọ̀ òkúta tí ọmọ yín fẹ́ kọ́ ní Yunifásítì kì í ṣe fífọ́ òkúta lásán.

Ní Aráròmí, ìpínlẹ̀ Oǹdó, òkúta amọ̀ dúdú wà lábẹ́ ilẹ̀. Òkú ewé àti ẹ̀dá inú òkun ni ó mú un dúdú. Bí ooru ilẹ̀ bá sè wọ́n jinná, wọn a di epo rọ̀bì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi owó gọbọi gbẹ́ kànga láìmọ̀ bóyá wọ́n ti jinná?

Ẹ̀rọ Rock-Eval, tí àwọn Faransé gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 1977, ni í dáhùn. A ó lọ òkúta náà kúnná, a ó yan án níbi tí kò sí ọ́síjìn kí ó má baà jóná, ooru yóò sì máa gòkè láti ìwọ̀n Celsius 300. Bí èkùrọ́ ti í tú àdín sílẹ̀ nínú ìkòkò gbígbóná, bẹ́ẹ̀ ni òkú wọ̀nyí yóò tú epo sílẹ̀. Bí títú náà bá pọ̀ jù lọ kí ooru tó dé 435, òkúta náà kò tíì jinná. Èyí tí ilẹ̀ ti sè ṣáájú kì í tètè tú.

Púpọ̀ nínú òkúta Aráròmí ni kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú òkun Èkó, epo Ajé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 2016.