Sítúdíò ti wọ yàrá kan ní Malu Road, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún sọ́fúwià tí wọ́n já kọ́kọ́rọ̀ ẹ̀ o!

Kì í ṣe orin ló máa ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ Ajégúnlẹ̀ lágara, owó sítúdíò ni. Ẹnu wọn mọ orin, ẹsẹ̀ wọn mọ ijó, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń fi wákàtí gbowó lọ́wọ́ olórin, bí ohùn bá ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì péré, owó ń lọ nìyẹn. Ládùúgbò yìí náà sì ni Daddy Showkey, Baba Fryo àti African China ti jáde, tí galala fi di ijó tí wọ́n ń jó káàkiri Nàìjíríà.

Bẹ́ẹ̀, sítúdíò ńlá ò jìnnà sí wọn o. Ẹni tó bá gba Malu Road wọ Apapa, tó forí lé Wharf Road, ibẹ̀ ni sítúdíò EMI wà lọ́dún 1973 tí Paul McCartney, ọmọ ẹgbẹ́ Beatles ìjọ́sí, ti ìlú ọba wá ṣe àwo orin ẹ̀, Band on the Run. Àwọn olè dá òun àti ìyàwó ẹ̀ lọ́nà l'Ékòó, wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn orin náà wà lọ. Orí ló fi rántí wọn padà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná.

Kọ̀ǹpútà ló wá yí gbogbo ẹ̀ padà. Ìparí ọdún 1997 ni Image-Line, iléeṣẹ́ kan ní Belgium, gbé FruityLoops jáde; lọ́dún 2003, wọ́n sọ ọ́ di FL Studio. Ìlù ni o, dùùrù ni o, inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ wà. Òun ni Soulja Boy, ọ̀dọ́ kan l'Ámẹ́ríkà, fi ṣe Crank That, tó gba ipò kìn-ín-ní lọ́hùn-ún lọ́dún 2007. Ẹni tó bá sì ra FL Studio lẹ́ẹ̀kan, kì í sanwó mọ́ bí wọ́n bá gbé tuntun jáde. Ẹni tó jẹ́ pé ohùn nìkan ló fẹ́ gbà sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni Audacity. REAPER náà ń jẹ́ kéèyàn fi ọgọ́ta ọjọ́ dán an wò, ọgọ́ta dọ́là ni wọ́n sì ń tà á fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò pọ̀.

Ibi tí wàhálà wà rè é. FL Studio ọ̀fẹ́, èèyàn lè fi ṣe orin, kó sì tọ́jú ẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti pa á, kò ní í rí iṣẹ́ náà ṣí padà àfi tó bá sanwó. Ìyẹn ló ń jẹ́ káwọn kan sáré lọ gba èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ̀ ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì sì máa ń bá irú ẹ̀ wọlé. Bó bá jẹ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta mọ́lẹ̀, ọlọ́pàá wo ló máa bá wọn wá a? McCartney ṣì rí orí fi rántí tiẹ̀. Ta ló máa rántí ogójì orin?

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ rà á béèrè dáadáa bóyá ìpele tó fẹ́ sanwó ẹ̀ ń gba ohùn sílẹ̀, torí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó kéré jù nínú FL Studio kì í gbà á. Kó máa da iṣẹ́ ẹ̀ sí fúláàṣì lójoojúmọ́, kó ta bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn sára ògiri, kó gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí máìkì. Owó tí ì bá kó fún sítúdíò oníwákàtí, kó fi ra máìkì gidi.

Sọ́fúwià ò lè bá aláìlórin kọrin o, ṣùgbọ́n kò ní í jẹ́ kí ẹni tí orin wà nínú ẹ̀ kú sínú gbèsè.