Òdòdó Orí Òkè Kent

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti sin ọmọ yín dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí, tí ẹ gbàdúrà lé e lórí kí ẹ tó yí padà sílé, tiyín ni ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ìlú Kent, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, òkè kékeré kan wà nínú ọgbà Yunifásítì Kent State. Bí ìgbà òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí oṣù kẹrin wọlé, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń pè ní dáfódìlì a yọ lára òkè náà. Ìdí rẹ̀ dà bí àlùbọ́sà. Ìgbà tí ewé igi ń wọ́ ni wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀, òtútù tí ń pa irúgbìn mìíràn ni òun sì nílò kí ó tó lè tanná. Bí òdòdó bá rọ, wọn kì í tètè gé ewé rẹ̀, nítorí ewé yìí ló ń bọ́ ìdí tó wà nínú ilẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Kì í ṣe fún ẹwà nìkan ni wọ́n fi gbìn ín. 58,175 ni iye tí wọ́n gbìn, iye yìí sì dúró fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó bá ogun Vietnam lọ. Oníṣẹ́-ọnà kan tó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, Brinsley Tyrrell, ló wà nídìí rẹ̀.

Kí ló kan ọgbà ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ogun? Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 1970, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kóra jọ níbẹ̀ láti tako ogun náà. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ ogun National Guard ti Ohio wá láti tú wọn ká. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 13, ìbọn dún nígbà 67. Allison Krause, Jeffrey Miller, Sandra Scheuer àti William Schroeder kú. Àwọn mẹ́sàn-án mìíràn fara gbọgbẹ́. Kò sí ẹni tó ju ọmọ 20 ọdún lọ nínú àwọn mẹ́rin náà. Kíláàsì ni Sandra ń lọ o.

Iṣẹ́-ọnà onírin kan tí Don Drumm ṣe ní 1967 wà nítòsí ibẹ̀. Ọta ìbọn kan lu ú já lọ́jọ́ náà. Wọn kò dí ihò rẹ̀.

Ní 1978, George Segal mọ ère Ábúráhámù àti Ísáákì fún ìrántí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Jẹ́nẹ́sísì orí 22 ẹ mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n nínú ère yìí kò sí áńgẹ́lì, kò sí àgbò: bàbá di ọ̀bẹ mú, ọmọ kúnlẹ̀, wọ́n sì ti dè é lọ́wọ́. Àwọn aláṣẹ kọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn ènìyàn lè rò pé ìwà ipá ló ń gbé ga. Yunifásítì Princeton ló gbà á, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsìn wọn. A kò lè dá àwọn aláṣẹ lẹ́bi pátápátá. Ọgbẹ́ náà ṣì tutù nígbà náà. Síbẹ̀, lójú tiwa, ère tó ń bi àgbàlagbà léèrè ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ère ìwà ipá.

Ogún ọdún gbáko kọjá kí ibi ìrántí tó dúró ní Kent ní 1990. Bruno Ast ló ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kò tó, wọ́n ní láti dín iṣẹ́ náà kù gidigidi. Òkúta mẹ́rin dúró ní ìtò lórí òkè, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ rí òdòdó náà, kí ó lọ ní oṣù kẹrin. Bí ó bá fi di ọjọ́ ìrántí gan-an, ọ̀pọ̀ wọn ti sábà máa ń rọ, ewé ló kù.