Ẹ̀yìn Dídùn: Ohun Tí Ìyá Lè Ṣe Lórí Ẹní

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá jí ní òwúrọ̀ tí ẹ kò lè nà tán àfi kí ẹ di ìbàdí mú, ẹ má ṣe gbà pé ọjọ́ ogbó ni ó dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dun ènìyàn mílíọ̀nù 619 káàkiri ayé. Obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ní ọ̀nà àbáyọ.

KÍ NI Ó Ń FÀ Á?
Eegun ẹ̀yìn kì í dá dúró. Iṣan ikùn, ti ẹ̀yìn àti ti ìdí ni ó dì í mú, bí okùn ti í di òpó àgọ́ mú. Oyún a máa na iṣan ikùn títí yóò fi dẹ̀. Lẹ́yìn ìbímọ, bí a kò bá mú un le padà, ẹ̀yìn nìkan ni yóò máa ru wàhálà omi pípọn, ilẹ̀ gbígbá, aṣọ fífọ̀ àti ọmọ pípọ̀n. Dídùbúlẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ kì í wò ó. Iṣan tí a kò lò a máa rọ sí i.

ERÉ ÌDÁRAYÁ MẸ́TA
Joseph Pilates, tí a bí ní Jámánì ní ọdún 1883, ni ó ṣètò eré ìdárayá tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé kí a mí dáadáa, kí a sì mú ikùn le kí a tó gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Ẹní kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ mí sínú. Bí ẹ ti ń mí síta, ẹ fa ìdodo wọlé títí ìbàdí yóò fi kan ẹní. Ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ tó dẹ̀ ẹ́.
2. Bí ẹ ti dùbúlẹ̀ yẹn, ẹ mí síta, kí ẹ rọra gbé ìdí sókè títí ara yóò fi tọ́ láti èjìká dé orúnkún. Ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.
3. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀. Bí ẹ ti ń mí síta, ẹ gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò tí ó ń nàra. Bí ẹ ti ń mí sínú, ẹ mú un tẹ́jú padà.

Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe sé èémí. Bí ìrora bá ń pọ̀ sí i, tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró. Aboyún tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹrin kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́. Ẹ̀kẹta nìkan ni kí ó ṣe. Ẹni tí a fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.

NÍNÚ IṢẸ́ ILÉ
Bí ẹ bá fẹ́ gbé korobá omi, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí. Ẹ lóṣòó, ẹ fà á mọ́ra, kí ẹ sì fi agbára ẹsẹ̀ dìde. Ẹ gbé ọpọ́n ìfọṣọ lé orí àpótí. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gba ẹrù wíwúwo lọ́wọ́ aboyún.

Ẹ TÈTÈ LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN BÍ:
– ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń yọ láìmọ̀, tàbí tí ìtọ̀ kò jáde;
– ojú ara tàbí ààrin itan bá kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ;
– ibà tàbí rírù bá bá ìrora náà rìn;
– ó bá jẹ́ pé ìṣubú ni ó fà á;
– ẹ̀yìn aboyún bá ń dùn bí ìrọbí nígbà tí oṣù rẹ̀ kò tí ì pé.

Ẹ má ṣe retí ìwòsàn lọ́jọ́ kan. Ẹ fi sùúrù ṣe é fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yìn tí ẹ fi ń pọn ọmọ, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀.