Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ímeèlì Lórí Kọ̀ǹpútà Tó Ń Lo Linux

Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ bá Linux pàdé lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rù lè bà á láti fi gba lẹ́tà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Linus Torvalds, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, ló bẹ̀rẹ̀ Linux lọ́dún 1991, ní àfarawé Unix tó ti wà ṣáájú. Ubuntu, tó jáde lọ́dún 2004, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Thunderbird ni ẹ lè fi gba ímeèlì lórí rẹ̀; ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ bá ṣí i, yóò béèrè orúkọ yín, àdírẹ́sì yín àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ọ̀nà tí yóò gbà dé ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú lẹ́tà yín. Bó bá jẹ́ Gmail lẹ ń lò, ojú ewé Google yóò ṣí kí ẹ lè wọlé.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ nìyí: ẹ óò yan IMAP tàbí POP. POP dà bí ẹni tó lọ kó lẹ́tà rẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ wá sílé. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà náà, tí kò sì sí ẹ̀dà níbòmíràn, gbogbo lẹ́tà ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú IMAP, lẹ́tà yín wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ lè kà á lórí fóònù, kí ẹ tún kà á lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ kàn rántí pé èyí tí ẹ bá parẹ́ níbì kan ti parẹ́ níbi gbogbo. IMAP la gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti yàn.

Bí Thunderbird kò bá rí ọ̀nà, ẹ béèrè orúkọ sáfà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín. Nọ́ńbà 993 ni ti IMAP. 465 tàbí 587 ni ti SMTP, èyí tó ń gbé lẹ́tà jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí ara yín. Bí kò bá lọ rárá, SMTP ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bó bá lọ tí kò wọlé, ẹ yẹ IMAP wò. Ẹ má ṣe tìtorí ìkánjú fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pé kó bá yín ṣe é, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè ka gbogbo àṣírí yín. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.