Ọ̀pá Ìbọn Tí Harry Pope Fọwọ́ Gé

Ọdẹ tó bá ti ki ṣakabùlà rí mọ̀ pé ẹ̀tù ló ń kọ́kọ́ wọlé, ọta ló ń tẹ̀lé e, ẹnu ìbọn kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń gbà. Bí irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ bá yà sí pápá ìyìnbọn kan ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1900, ẹnu á yà á. Á rí ọkùnrin kan tó ń ti ọta òjé bọ ẹnu ìbọn, tó ń fi ọ̀pá gígùn tì í títí á fi délẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkùnrin náà á ṣí ìbọn láti ẹ̀yìn, á wá ti kátíríìjì onídẹ bọ ibẹ̀, èyí tó kún fún ẹ̀tù ṣùgbọ́n tí kò ní ọta lórí. Ọta gba iwájú wọlé, ẹ̀tù gba ẹ̀yìn. Bó bá yìn ín tán, á yọ idẹ yẹn jáde, á tún rọ ẹ̀tù sí i. Idẹ kan ṣoṣo yẹn lè bá a dé ìrọ̀lẹ́.

Èyí tó níyì jù nínú àwọn ìbọn bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n kọ orúkọ H. M. Pope sí lára.

Àwọn ará Jámánì àti Switzerland ló gbé eré ìyìnbọn yìí dé Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń ṣí lọ síbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1800. Ìlú tí wọ́n bá ti tẹ̀dó, ẹgbẹ́ ayìnbọn tí wọ́n ń pè ní Schützen kì í pẹ́ dìde níbẹ̀. Orin ń dún, bíà ń ṣàn, ẹ̀bùn sì wà nílẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gún. Ní 1895, wọ́n ṣe àjọ̀dún ńlá kan ní Glendale Park ní Long Island, nítòsí New York. Òfin eré náà le. Ìdúró ni ayìnbọn á wà, kò gbọdọ̀ gbé ìbọn rẹ̀ lé nǹkan kan, ibi tó ń yìn sí sì jìnnà tó 200 yáàdì. Òrùka tó wà láàárín gan-an, tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 25, kò ju inṣì kan ààbọ̀ lọ ní fífẹ̀.

Òfin yìí ló bí ìrísí ìbọn wọn. Ó wúwo kí ó má bàa máa gbọ̀n lọ́wọ́. Wọ́n fi irin gbẹ́ ìdí rẹ̀ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kí ó lè há mọ́ apá. Wọ́n so igi róbótó kan mọ́ abẹ́ rẹ̀ fún àtẹ́lẹwọ́ òsì. Ìfà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ méjì: èyí àkọ́kọ́ ń ti èkejì sípò, èkejì sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ìka bá ṣèèṣì kàn án, ìbọn ti dún. Ọta kan ṣoṣo ni ìbọn náà ń gbà lẹ́ẹ̀kan, nítorí kò sí ẹni tó ń lé ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ńlá kò ṣaláìní ìbọn ọlọ́ta kan. Charles Ballard ti gba ìwé àṣẹ ti tirẹ̀ ní 1861. Ní Ogden, Utah, John Moses Browning, ọmọ alágbẹ̀dẹ ìbọn, gba ti tirẹ̀ ní 1879, kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nígbà náà. Òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ṣe nǹkan bí 600 nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọ̀kan nínú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ aṣojú ilé iṣẹ́ Winchester, ló bá fi í ránṣẹ́ sí New Haven. Ní 1883, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, T. G. Bennett, fúnra rẹ̀ rìnrìn àjò dé Ogden, ó sì ra ẹ̀tọ́ sí ìbọn náà ní 8,000 dọ́là. Òun ni Winchester ń pè ní Model 1885. Ó ju 100,000 lọ tí wọ́n ṣe jáde, bẹ́ẹ̀ ni 600 ti Ogden wọ̀nyẹn di ohun tí olówó ń wá kiri.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá àárín òrùka 25 kì í fi ọ̀pá ìbọn ilé iṣẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á yọ ọ́, á mú ìyókù ìbọn lọ bá oníṣẹ́ ọwọ́. Ní Denver, George Schoyen, ọmọ ilẹ̀ Norway, ni wọ́n ń lọ bá. Ní apá ìlà oòrùn, Pope ni.

Wọ́n bí Harry Melville Pope ní Walpole, New Hampshire, ní 1861. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ jáde ní MIT ní 1881, ó sì wọṣẹ́ nídìí kẹ̀kẹ́ ológeere ní Hartford. Inú àjà ilẹ̀ ilé rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀pá ìbọn nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ti ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣe. Àwọn tó bá a yìnbọn ní pápá rí i, ni wọ́n bá ń bẹ̀ ẹ́.

Kí ni ó yàtọ̀ nínú ọ̀pá náà? Inú ọ̀pá ìbọn tó péye ní ilà tó ń lọ́ yípo bí ìkarahun ìgbín, òun ló ń mú kí ọta máa pòòyì bó ṣe ń lọ, kí ó má ṣubú ní ẹ̀gbẹ́. Mẹ́jọ ni Pope máa ń gé. Wọ́n yí sí ọwọ́ òsì, wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, yíyí wọn sì ń le sí i bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ ẹnu. Abẹ irin kékeré kan ló ń fà gba inú ọ̀pá náà, ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá fà á, á bó ìwọ̀nba irin tí ojú lásán kò lè rí dáadáa. Á tún fà á, á tún fà á, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà, kí ilà mẹ́jọ tó pé. Ibi tí sùúrù òǹkọ̀wé yìí ti máa tán nìyẹn, ibẹ̀ ni ti Pope ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n tó wà nínú kíki ọta láti iwájú náà nìyí. Ọta tí ẹ̀tù bá tì wọ inú ilà láti ẹ̀yìn á hó, òjé tó bá hó á sì gùn bí imú abẹ́rẹ́ ní ìdí rẹ̀. Bí irú ọta bẹ́ẹ̀ bá ń jáde, èéfín gbígbóná á yọ ní apá kan ju èkejì lọ, á sì tì í wọ́. Bí ó bá jẹ́ ìdí ọta ló kọ́kọ́ wọ ẹnu ìbọn, apá iwájú ni òjé tó hó á lọ, ìdí á mọ́ tónítóní. Kí ọ̀pá ìkìbọn má bàa ba ẹnu ìbọn jẹ́, Pope á gé orí ọ̀pá ìbọn kúrò kó tó gé ilà inú rẹ̀, á fi pín-ìn-nì dá a padà, á wá gé ilà la àwọn méjèèjì já pọ̀. Orí tó gé yẹn di ẹnu àfibọ̀: wọ́n á fi sí i láti ki ọta, wọ́n á yọ ọ́ kí wọ́n tó yìn.

Ní oṣù Karùn-ún 1901, C. W. Rowland ti Boulder, Colorado, gbé ìbọn tó ní ọ̀pá Pope lé orí ohun tó dì í mú gírígírí, ó sì yin ọta mẹ́wàá sí 200 yáàdì. Láti àárín ihò ọta kan sí àárín èyí tó jìnnà sí i jù lọ, inṣì 0.725 péré ni. Àtàǹpàkò àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo wọn.

Ọdún náà ni ilé iṣẹ́ ìbọn Stevens gba Pope sí Chicopee Falls, Massachusetts. Ó fi iṣẹ́ kọ́ wọn níbẹ̀, ó sì kúrò ní 1905. Orúkọ rẹ̀ kò bá a kúrò: Stevens ń fi í sára ọ̀pá tí kò sí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ó dun ni láti gbọ́. Ó sọdá lọ sí San Francisco, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì fìdí mọ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 1906, tí iná sì gba ìlú. Ṣọ́ọ̀bù bá a lọ. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún tún di ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Jersey City ló padà jókòó sí láti 1908, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí eruku bò, tí irin àti ìwé kún tí ó fi ku ipa tóóró kan láti ẹnu ọ̀nà dé ibi iṣẹ́. Kì í dá ọjọ́ fún oníbàárà. Bí iṣẹ́ bá parí, ó parí nìyẹn. Lucian Cary, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, fi ìwà rẹ̀ ya alágbẹ̀dẹ ìbọn kan tí ó pè ní J. M. Pyne nínú àwọn ìtàn tó kọ fún ìwé ìròyìn Saturday Evening Post.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló pa eré náà. Ohun gbogbo tó jọ ti Jámánì di ohun ìfura ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Schützen ń túká, àwọn ọ̀dọ́ ayìnbọn sì kọjú sí ìbọn ológun tó ń gba ọta púpọ̀. Pope bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀pá fún ìyẹn náà. Ó gé e títí ogbó fi dé. Nígbà tó fi máa kú ní 1950, àwọn kan ti dá ẹgbẹ́ olùfẹ́ ìbọn ọlọ́ta kan sílẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú.

Ohun tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń wá kiri lónìí ju ìbọn lásán lọ. Wọ́n ń wá ọ̀pá pẹ̀lú ẹnu àfibọ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń ti ọta bọ̀ ọ́, àti ohun tí wọ́n fi ń da òjé rẹ̀. Ẹnu àfibọ̀ ló sábà máa ń sọnù, nítorí ayìnbọn tó bá gbàgbé láti yọ ọ́ ti yìn ín lọ sínú pápá. Ó sì ṣòro gan-an láti gé òmíràn tí ilà rẹ̀ á bá ti ọ̀pá náà mu. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní ọ̀pá Pope fi máa ń yà sí ìdí gbogbo àwo irin kékeré ní ibi ìpàtẹ ìbọn, tí á máa yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.