Ìkòkò Ọdún àti Oúnjẹ Àná

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe láti ba ayọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ọdún dùn, àpèjẹ dùn, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé bí ẹbí bá péjọ tí ìkòkò kò gorí iná, ìpàdé lásán ni a ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ gbọọrọ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré ní Lánlátẹ̀ níbí, mo ti rí i pé ọjọ́ ọdún gan-an kọ́ ni iṣẹ́ wa máa ń pọ̀. Ọjọ́ kejì ọdún ni. Ní ọjọ́ kejì Iléyá, ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ní ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni wọn yóò ti máa kan ilẹ̀kùn: ọmọ ń bì, inú ń run ìyá, bàbá kò lè kúrò ní ilé ìyàgbẹ́. Bí mo bá béèrè pé, "Kí ni ẹ jẹ?" èsì kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Nọ́ọ̀sì, kò sí nǹkan kan. Oúnjẹ àná náà ni, a sì gbé e kaná kí a tó jẹ ẹ́."

"A sì gbé e kaná." Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé òun ni ó ń tan ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ. Òun ni ó sì tan èmi náà jẹ lọ́jọ́ kan.

Ohun tí ojú mi rí

Ní Iléyá ọdún kan, ilé ọkọ mi kún. Àwọn kan ti Ìbàdàn wá, àwọn kan ti Èkó wá, a pa àgbò, ariwo ayọ̀ gba ilé. Nítorí pé mo mọ̀ pé iṣẹ́ yóò pọ̀ lọ́jọ́ kejì, mo se ìrẹsì sílẹ̀ lóru. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo dà á gbígbóná sínú kúlà ńlá kan, mo dé e pa, mo sì lọ sùn pẹ̀lú ìdùnnú pé mo ti ṣe bí ọlọ́gbọ́n. Nígbà tí a ṣí i ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò kan, kò rùn, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Mo bu ti àwọn ọmọ lọ́tọ̀, mo gbé e kaná, wọ́n jẹ, wọ́n yó.

Kò tó wákàtí mẹ́ta, àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ sí bì. Kí n tó nu ẹnu rẹ̀ tán, àwọn ọmọ àbúrò ọkọ mi méjì ti tẹ̀lé e. Ọmọ mi bì títí kò fi sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́ àfi omi. Ojú rẹ̀ jìn wọnú, ó sùn lé mi lẹ́sẹ̀, kò béèrè nǹkan kan. Èmi tí mo ti gbé ọmọ ọlọ́mọ lé ẹsẹ̀ báyìí ní àìmọye ìgbà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìyá ọkọ mi wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ṣé ìwọ kọ́ ni ó ń kọ́ gbogbo ìlú ní ìmọ́tótó?" N kò rí èsì fọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ béèrè ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti bá ẹnikẹ́ni wí mọ́ tí wọ́n bá wá kan ilẹ̀kùn wa. Ohun tí mo mọ̀ ni mo ń sọ fún wọn.

Ìdí tí iná kejì kò fi tó

Láti inú oko ni kòkòrò kan ti máa ń bá ìrẹsì wá, tí ojú wa kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus cereus. Bí omi bá ń hó lórí rẹ̀, ó ní irú èèpo líle kan tí ó fi ń bo ara rẹ̀, kò sì ní kú. Bí ìrẹsì náà bá wá kúrò ní gbígbóná, tí ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, kòkòrò yìí yóò bọ́ èèpo rẹ̀ sílẹ̀, yóò máa bí sí i, yóò sì máa tu oró sínú oúnjẹ. Oró yìí kò ní òórùn, kò sì korò lẹ́nu. Èyí tí ó burú jùlọ ni pé iná ìdáná kò lè pa oró náà. Ẹ gbé ìrẹsì náà kaná títí, kòkòrò lè kú, oró yóò kù. Bí ejò bá ti bu ènìyàn jẹ, pípa ejò kò yọ oró kúrò lára. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà lẹ́yìn tí a bá jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni èébì máa ń bẹ̀rẹ̀.

Òmíràn wà tí ń jẹ́ Staphylococcus aureus. Ara àwa ènìyàn ni òun ń gbé: nínú imú, nínú oówo, nínú ọgbẹ́ ìka. Bí alásè tí ó ní oówo lọ́wọ́ bá fi ọwọ́ ya ẹran sísè, tàbí tí ó bó ẹyin tí a fẹ́ fi sí mọ́ínmọ́ín, tí oúnjẹ náà sì wà nínú ooru fún ọ̀pọ̀ wákàtí, òun náà yóò tu oró tí iná kò ràn.

Ẹ̀kẹta ni Clostridium perfringens. Ìkòkò ọbẹ̀ ẹran ńlá ni òun fẹ́ràn, ní àárín gbùngbùn níbi tí atẹ́gùn kò dé. Ìkòkò ńlá tí a sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́ lè máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní àárín títí di òwúrọ̀, bí òkè rẹ̀ tilẹ̀ ti tutù. Ní ti èyí, híhó dáadáa ń pa á. Nítorí náà àwọn ìyá wa tí wọ́n máa ń gbé ọbẹ̀ kaná lálẹ́ àti láàárọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ́ kí ó hó, wọ́n sì ń rò ó dé ìdí ìkòkò. Ẹni tí ó kàn mú ọbẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ó sì bù ú fún ọmọ, kòkòrò ni ó ń sìn.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ yìí. Ọbẹ̀ tí a tètè mú tutù, tí a sì tún hó dé ìdí, ṣeé jẹ. Ìrẹsì tí ó sùn nínú kúlà kò ṣeé gbà là, ẹ dà á nù.

Ohun tí àmàlà ń kọ́ wa

Ní Ìbàràpá níbí, àmàlà láfún pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa tàbí ẹ̀gúsí ni oúnjẹ àlejò wa. Kò sí ẹni tí ń ro àmàlà alẹ́ sílẹ̀ fún àlejò ọ̀sán. Èlùbọ́ ni a ń tọ́jú sílẹ̀. Àlejò a jókòó tán kí ọmọrògùn tó bọ́ sínú ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n yìí se gbogbo oúnjẹ ọdún: kí a tọ́jú ohun èlò sílẹ̀, kí a má se oúnjẹ sílẹ̀. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é nínú ilé mi nísinsìnyí.

Èkínní, ní alẹ́ tí ọdún yóò mọ́, mo ń ṣa ìrẹsì, mo ń lọ ẹ̀gúsí, mo ń lọ ata kí n sì sè é gbẹ omi, mo ń fọ gbogbo àwo. Ìrẹsì kò gorí iná títí di òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún.

Èkejì, ẹran tútù kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ nílẹ̀ kí ó tó dé orí iná tàbí inú yìnyín. Ẹran Iléyá tí wọ́n bá pín fún yín, ẹ tètè bọ̀ ọ́, kí ẹ dín in gbẹ. Ọ̀bẹ àti pákó tí a fi gé ẹran tútù, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ wọ́n kí wọ́n tó kan ohun tí a ti sè. Ẹran àti adìyẹ gbọdọ̀ jinná dé eegun. Bí omi ara rẹ̀ bá ṣì pupa, ẹ dá a padà.

Ẹ̀kẹta, gbogbo ẹni tí yóò dáná gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹni tí ó ní oówo tàbí ọgbẹ́ lọ́wọ́, tàbí tí inú ń ṣí, kí ó lọ máa gba àlejò níwájú ilé. Kì í ṣe ìtìjú.

Ẹ̀kẹrin, oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò ńlá. Ẹ pín in sínú àwo fífẹ̀, kí jíjìn rẹ̀ má ju ínṣì méjì lọ, kí ó lè tètè tutù, kí ó sì wọ fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé. Fíríìjì tí kò sí iná mànàmáná, àpótí lásán ni. Bí iná kò bá sí, ẹ pín oúnjẹ náà fún aládùúgbò ní gbígbóná ní ọjọ́ náà gan-an. Ó sàn kí aládùúgbò yó lónìí ju kí a jọ sùn sí ilé ìwòsàn lọ́la.

Ẹ̀karùn-ún, kúlà kì í se oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í pa kòkòrò. Láti orí iná ni kí oúnjẹ ti wọ inú rẹ̀, kí èéfín sì máa rú nígbà tí a bá ṣí i. Láti ìwọ̀n gbígbóná 60 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì wá sílẹ̀ títí dé 5 ni kòkòrò ti ń gbèrú. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti Ìbàdàn tàbí Èkó gbé ìrẹsì jọ́lọ̀ọ́fù bọ̀ wá ilé, ẹ rántí wákàtí tí ẹ ń lò lójú ọ̀nà. Ẹ gbé ìrẹsì tútù àti ẹran dídín gbẹ wá. Iná wà nílé, a ó sè é.

Adùn kì í ṣe iyọ̀ nìkan

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ru. Iyọ̀ pọ̀ nínú mágì pẹ̀lú. Ẹni tí ó bu iyọ̀ tán tí ó tún já mágì mẹ́fà sí i, ìlọ́po ni ó ṣe. Irú, ẹja gbígbẹ, edé, àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti omi eegun tí ó rọra hó fún wákàtí méjì, ìwọ̀nyí ni ó ń mú ọbẹ̀ ta sánsán. Bí ẹran bá le, iná díẹ̀díẹ̀ àti sùúrù ni oògùn rẹ̀. Ẹ má fi parasitamọ́ọ̀lù se ẹran kí ó lè tètè rọ̀. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ fún wa lórí èyí, nítorí ewu tí ó wà níbẹ̀ fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín.

Bí àìsàn bá ti wọlé

Omi ara ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ń kó lọ. Omi náà ni a gbọ́dọ̀ dá padà. Ẹ lo ORS, kí ẹ pò ó bí wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí kò bá sí nítòsí, ẹ wá omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí a gé lórí dọ́gba, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 2, ẹ fún un ní mìlílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún 2 sí 10, mìlílítà 100 sí 200. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní ṣíbí ṣíbí. Ẹ má dá ọmú dúró, ẹ má sì ra oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró fún ọmọdé.

Bí ojú ọmọ bá jìn, tí kò tọ̀, tí kò lè mu omi, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ìgbẹ́ náà dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì, ẹ má dúró di ọ̀la. Ti ìkẹyìn yìí lè jẹ́ onígbáméjì. Ẹ gbé e wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àárín òru.

Ẹnìkan lè ní àṣà àpèjẹ ti wọ̀ wá lẹ́wù, kò ṣeé yí padà. Ará Ìbàràpá kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa rántí sòbìà, pàápàá ní Ìdèrè, bí ó ti ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ nígbà iṣẹ́ oko. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn tí ó lé e lọ. Aṣọ tí àwọn ìyá fi ń sẹ́ omi mímu, omi tí ó mọ́ àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà ni. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Àwọn tí ó mú aṣọ bo ẹnu ìkòkò omi ni ó ṣe é. Àwa náà lè pín ọbẹ̀ sínú àwo fífẹ̀.

Ọdún á yabo o. Ẹ jẹun, kí ẹ yó, kí ẹ sì jí ire ní ọjọ́ kejì.