Máàkì Ló Bí Àwọn Tó Ń Lọ Ìwé

Bàbá àgbà kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan ní Òkè-Àfà l'Ékòó, lẹ́bàá Jakande Estate. Aṣọ ni gbogbo àwa yòókù gbé wá. Ọ̀rá dúdú ni ti bàbá, ìwé Atọ́ka àtijọ́ ló sì kó jáde nínú rẹ̀, etí wọn ti ká kò, ẹ̀yìn wọn ti wọ́. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó ní, "Bá mi lọ àwọn wọ̀nyí. Má wọ́n omi sí i púpọ̀ o."

Alágbàfọ̀ rò pé àwàdà ni. "Bàbá, ẹ dákun, áyọ́ọ̀nù eléèédú nìyí. Á jó ìwé yín."

Bàbá ní òun ò ṣàwàdà. Ọmọ òun tó wà ní Houston ló pè pé ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń lọ ìwé àwòrán àtijọ́ kí wọ́n tó gbé e fún àwọn tó ń fún ìwé ní máàkì, àti pé máàkì tí ìwé bá gbà ló ń sọ iye tó máa pa. Ó wò wá yíká. "Ìwé tí mo kà títí tó fi rọ̀ lọ́wọ́ mi, òun ni wọ́n wá ní kí n lọ̀ bí agbádá ọkọ ìyàwó."

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọmọ bàbá kò parọ́.

Fún àwọn tí kò bá Atọ́ka láyé: 1967 ló bẹ̀rẹ̀, West African Book Publishers ló ń gbé e jáde l'Ékòó, àwọn òṣèré tíátà alárìnjò ni wọ́n ń yà ní fọ́tò, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sára àwòrán. Ti elédè Gẹ̀ẹ́sì ni African Film, níbi tí Lance Spearman ti ń lé ọ̀daràn kiri, Wale Adenuga sì gbé Ikebe Super dé ní 1976. Kò sẹ́ni tó rà á láti fi pamọ́ nígbà náà. Ẹ̀dà kan á kúrò lọ́wọ́ télọ̀, á dé ọ̀dọ̀ onídìrí, á wọ yàrá àwọn ọmọ bọ́dìn, ìgbà tó bá fi máa padà délé, èèpo rẹ̀ ti já. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀rí pé ó dùn.

Ní Amẹ́ríkà, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń díye lé e tẹ́lẹ̀. Robert Overstreet gbé ìwé iye owó jáde ní 1970, síbẹ̀ ẹni tó ń tà á ní ó mọ́ tónítóní, ẹni tó ń rà á ní kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 2000 ni ilé-iṣẹ́ CGC wá dé. Wọ́n á yẹ ìwé wò, wọ́n á fún un ní máàkì láti 0.5 dé 10, wọ́n á sì dè é mọ́ inú ike líle tí ẹnikẹ́ni ò ní lè ṣí i kà mọ́ àfi tó bá fọ́ ike náà. Láti ìgbà náà ni àárín 9.6 sí 9.8 ti lè sọ owó ìwé di ìlọ́po méjì. Action Comics àkọ́kọ́, tó jẹ́ sẹ́ǹtì 10 ní 1938, ọ̀kan tó gba 9.0 nínú rẹ̀ pa dọ́là mílíọ̀nù 3.2 ní 2014. Ẹni tó bá gbọ́ irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì wá ẹni tó máa bá a na ìwé rẹ̀.

Ibi tí ìjà wà gan-an ni ti àwọ̀ àmì tí CGC ń fún ìwé. Kí CGC tó dé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wà tó ń tún ìwé ṣe: wọ́n ń lẹ ibi tó ya, wọ́n ń fọ páálí tó pọ́n, wọ́n ń kun ibi tí àwọ̀ ti ṣí, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ kó tẹ́. Àwọn oníbàárà ò rí i sí ohun burúkú, wọ́n ń sanwó fún un. Àfi bí CGC ṣe ní ìwé tí wọ́n bá ti tún ṣe, àmì elésè-àlùkò ló máa gbà, èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn á gba búlúù. Owó elésè-àlùkò wálẹ̀ wìì. Iṣẹ́ àwọn atúnwéṣe sì fẹ́ẹ̀ bà jẹ́, àyàfi ẹyọ kan nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe: lílọ̀. CGC ní lílọ̀ kò fi nǹkan kan kún ìwé, kò yọ nǹkan kan kúrò, nítorí náà kì í ṣe àtúnṣe. Ìwé tí wọ́n lọ̀ á gba búlúù. Bí nǹkan tó jẹ́ apá kan iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣe dá dúró nìyẹn, tó di òwò fúnra rẹ̀.

Matt Nelson wà lára àwọn tó sọ ọ́ di òwò ńlá, ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ Classics Incorporated ní Dallas. Ní 2012, àwọn tó ni CGC ra ilé-iṣẹ́ náà, òun ló di CCS lónìí. Ariwo sọ. Àwọn àgbà òǹtajà ní báwo ni ẹni tó ń lọ ìwé àti ẹni tó ń fún un ní máàkì ṣe máa jẹun nínú abọ́ kan náà? Wọ́n ní ìwé tí wọ́n fi ooru àti ẹ̀rọ na kì í ṣe ìwé tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó ń rà á. Èmi wà lẹ́yìn àwọn àgbà yìí. Ta ni yóò ra mọ́tò tí wọ́n ti tún kùn láìbéèrè?

Àwọn kan tilẹ̀ ní kì í ṣe ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ lọ ìwé, Edgar Church ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ayàwòrán ìpolówó ọjà ni ọkùnrin yìí ní Denver, ní Colorado. Ó ń ra ìwé àwòrán fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń tò wọ́n léra nínú ilé, ọ̀kan lórí èkejì, títí wọ́n fi ga. Nígbà tó di 1977, ó ti darúgbó, àwọn ẹbí rẹ̀ ń palẹ̀ ilé mọ́, wọ́n sì fẹ́ kí ẹnì kan wá kó pàǹtí náà lọ. Chuck Rozanski, ọ̀dọ́ kan tó ń ta ìwé àwòrán, ló dé ibẹ̀. Ìwé tó lé ní 16,000 ló bá, púpọ̀ nínú wọn funfun, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni pé àná ni wọ́n tẹ̀ wọ́n. Ìdí rẹ̀ ò le: afẹ́fẹ́ Colorado gbẹ, ìwé tó wà lókè sì ń tẹ àwọn tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ogójì ọdún ó dín díẹ̀. Títí dòní, ẹni tó bá rí ẹ̀dà kan tó jẹ́ ti Church, owó rẹ̀ yàtọ̀.

Òkè-Àfà ò ní afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Omi kánààlì ń bẹ níbẹ̀, òjò Oṣù Kẹfà ń bẹ, ògiri sì ń láàgùn. Ọ̀rinrin ló ń ba ìwé wa jẹ́, kì í ṣe àìlọ̀.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kí wọ́n lọ ìwé rẹ̀, kó mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Wọ́n á jẹ́ kí ìwé fa ọ̀rinrin díẹ̀ kó lè rọ̀, wọ́n á fi bébà tí kì í lẹ̀ bò ó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ nínú ẹ̀rọ ní ooru bíi 65 sí 80 °C, wọ́n á sì jẹ́ kó tutù lábẹ́ ìwúwo. Àwọn tó ń tẹ T-shirt ní Ṣómólú ní ẹ̀rọ tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ooru tiwọn ń kọjá 150 °C, ẹ má gbé ìwé yín débẹ̀. Lílọ̀ lè na ibi tó ká àti ibi tó tẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ò tíì ṣí. Kò lè wo ibi tó ya, kò lè sọ páálí tó pọ́n di funfun, tí pín rẹ̀ bá sì ti dípẹtà, ọ̀rinrin yẹn á jẹ́ kí ìpẹtà náà ràn mọ́ ìwé. Ìwé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù di ẹ̀yìn rẹ̀, ooru lè tú u. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa bi ẹni tó ń lọ ìwé ni èyí tí kò ní gbà. Ẹni tó bá gba gbogbo rẹ̀ láìwò ó, owó ló ń wá. Mo máa ní kó fi fọ́tò iṣẹ́ tó ti ṣe hàn mí, kí ó tó ṣe é àti lẹ́yìn tó ṣe é, mo sì máa bèèrè ta ló máa san án tó bá bà á jẹ́.

Ìwé Overstreet, ti Amẹ́ríkà ló ń díye lé. Nítorí náà, nínú ti wa, Powerman nìkan ni mo lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ronú láti lọ̀: wọ́n yà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Nàìjíríà ní 1975, wọ́n fi nọ́ńbà sí àwòrán kọ̀ọ̀kan kí òǹkàwé lè mọ èyí tó kàn. Dave Gibbons àti Brian Bolland ló yà á, Gibbons kan náà tó ya Watchmen ní 1986. Ti Atọ́ka, ọ̀rá tó dáa, páálí tí kò ní ásíìdì, orí àpótí tó jìnnà sí ògiri, ó parí.

Mo gbà pé àwa náà ti ń lọ ìwé tipẹ́. Ní bọ́dìn, abẹ́ fóòmù là ń fi ṣòkòtò sí kó lè gún di àárọ̀, ibẹ̀ náà ni ìwé Lance Spearman ń sùn, ó sì ń tẹ́. Mo sọ èyí fún onífọ́tò àgbà kan ní Ìsọlọ̀, ó ní irọ́ ni mò ń pa. Ẹ̀rọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò yẹn, ó ní ti àwọn onífọ́tò ni, òun ni wọ́n fi ń lẹ fọ́tò mọ́ páálí. Ọ̀gá òun ti ń na fọ́tò tó bá ká kò kí Atọ́ka tó dé, fọ́tò sì ni Atọ́ka kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, nítorí náà àwọn onífọ́tò ló kọ́kọ́ lọ ìwé àwòrán. Mo bi í bóyá ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà ṣì wà. Ó ní ọ̀gá ti kú, wọ́n sì ti wó ṣọ́ọ̀bù náà, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí.